Báwo ni ẹ ṣe lè fi òkúta síléètì tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ yín láìjẹ́ kí omi padà wá dójú tì yín?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí síléètì, pátákó dúdú kékeré tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ ABD nígbà tí ìwé kò tíì wọ́pọ̀. Òkúta gidi ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó rẹ̀. Òkúta yìí kan náà ni àwọn kan ń rà báyìí láti fi tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ ilé wọn.

Ó rọrùn láti mọ ìdí rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè dúdú bí èédú, ó lè jọ eérú, ó sì lè pọ́n díẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ojú rẹ̀ kì í dán bí ti táìlì ilé iṣẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ kì í tètè yọ̀ lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré nínú ilé tí àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré bá ń gbé.

Àmọ́ òkúta tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí táìlì tí ilé iṣẹ́ ṣe. Kì í dọ́gba, ó lè fa omi, ó sì máa ń tètè gba àbàwọ́n. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń lẹ táìlì lásán lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni òkúta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí kí ará ilé ìsàlẹ̀ wá kanlẹ̀kùn pé omi ń kán láti òkè àjà òun.

Àlàyé yìí wà fún ẹni tí kò lẹ òkúta rí, àti fún ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún oníṣẹ́ àmọ́ tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Balùwẹ̀ kékeré kan tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì gùn ní mítà 2, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni síléètì gan-an?

Ẹrẹ̀ ni síléètì tẹ́lẹ̀. Ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi, ó sì di òkúta. Lẹ́yìn náà ni ooru inú ilẹ̀ àti agbára tó ń ti òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́ tún fún un pọ̀, títí tó fi le sí i. Ìfúnpọ̀ yìí ló jẹ́ kí ó máa là ní ìpele-ìpele bí ojú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè là á sí pẹlẹbẹ, òun náà ló sì fà á tí etí rẹ̀ fi máa ń ṣí bí ẹni tó ń gé e bá kánjú.

Íńdíà, Ṣáínà, Brazil àti Spain wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa síléètì tà fún àgbáyé. Wales, ní ilẹ̀ Britain, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé àtijọ́, àjọ UNESCO sì fi agbègbè ìwakùsà síléètì tó wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Wales kún ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2021.

Ìtàn ibẹ̀ kan ilẹ̀ Áfíríkà náà. Richard Pennant, ọlọ́lá tó sọ ibi ìwakùsà Penrhyn di ńlá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní oko ìrèké ní Jamaica, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń ṣiṣẹ́. Owó tó ń ti oko wọ̀nyẹn wá wà lára ohun tó fi ṣe iṣẹ́ òkúta náà.

Kí ni kí ẹ wò lọ́jà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní síléètì lọ́jà ló jẹ́ òkúta. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe táìlì tó jọ ọ́. Ẹ tú u wo lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní ìlà tàbí àmì kan náà lára gbogbo rẹ̀, tí àwòrán ojú rẹ̀ sì ń padà wá lára òmíràn, táìlì ilé iṣẹ́ ni. Òkúta gidi méjì kì í jọra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin yìí:

• Ẹ fi ìka kan án gbọ̀ngbọ̀n. Èyí tó dára máa ń dún gbọnran bí àwo. Bí ó bá dún bí igi tó ti jẹrà, ó ṣeé ṣe kó ti là nínú.

• Ẹ kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí omi náà bá wọlé kíákíá, òkúta náà ń fa omi púpọ̀, kò sì yẹ fún balùwẹ̀.

• Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èyí tó ti fọ́. Bí ó bá hó, ọṣẹ tó ní ásíìdì yóò máa jẹ ẹ́.

• Ẹ wò ó bóyá ohun kan ń tàn bíi góòlù lára rẹ̀. Ohun tó ní irin nínú ni èyí sábà máa ń jẹ́, òmíràn sì lè dípẹtà bí omi bá ń kàn án lójoojúmọ́.

Ẹ tún wo bí ó ṣe nípọn sí. Òkúta inú páálí kan náà lè nípọn ju ara wọn lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú ló rọrùn jù, kódà bí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀.

Mélòó ni kí ẹ rà? Balùwẹ̀ àpẹẹrẹ wa jẹ́ mítà 4 níbùú lóròó. Bí òkúta kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, 45 ni yóò gbà. Ẹ fi ìdá 15 nínú 100 kún un nítorí èyí tó máa fọ́, ìyẹn ni pé kí ẹ ra 52. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èyí tó bá dé lẹ́yìn náà lè má jọ ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé ó wúwo. Bí òkúta náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ti balùwẹ̀ yìí nìkan yóò ju kílógíráàmù 100 lọ, ká tó ka gọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

Ohun tó wà lábẹ́ òkúta ló ṣe pàtàkì jù

Bí ẹ bá fẹ́ ka ohun kan ṣoṣo nínú àlàyé yìí, apá yìí ni kí ẹ kà. Òkúta kọ́ ló ń dá omi dúró nínú balùwẹ̀, gíráòtì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì aláwọ̀ tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìlì, kò sì lè dá a dúró. Omi máa ń gba ibẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ náà ń fa omi. Ohun tó bá wà láàárín òkúta àti ilẹ̀ ni yóò sọ bóyá omi máa dé ilé ìsàlẹ̀ tàbí kò ní dé ibẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ tuntun, ẹ fún un ní ọjọ́ 28 kó fi gbẹ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ẹ há gbogbo ọ̀dà, òróró àti ọṣẹ tó ti gbẹ mọ́ ọn kúrò. Ẹ fi hámà kan án káàkiri, ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, ẹ fọ́ ọ kí ẹ sì tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dà sí ihò tí omi ń gbà jáde. Ìwọ̀n tó dára ni kí ilẹ̀ máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà 1 kọ̀ọ̀kan. Nínú balùwẹ̀ wa, bí ògiri tó jìnnà jù bá fi mítà 1 ààbọ̀ jìn sí ihò náà, ẹsẹ̀ ògiri yẹn gbọ́dọ̀ ga ju ojú ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe èyí. Ẹni tó bá ní òun yóò fi gọ́ọ̀mù tún un ṣe nígbà tó bá ń lẹ òkúta yóò bá adágún omi nínú balùwẹ̀ rẹ̀.

Bí dídà ilẹ̀ bá ti tọ́, ẹ fi èròjà adènà omi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ kùn ún lóròó, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi èkejì kùn ún níbùú. Ẹ jẹ́ kó gun ara ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ṣáwà bá wà. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ sí igun ògiri àti yíká ojú ihò omi, nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ dí ihò omi pa, ẹ pọn omi sínú balùwẹ̀ náà, ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó ga dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ bẹ ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo àjà wọn. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ gan-an tàbí tí àjà bá rin, inú yín kò ní dùn, àmọ́ kò sí ìgbà tí àtúnṣe rẹ̀ tún lè dínwó tó báyìí mọ́.

Ẹ tò ó láì fi gọ́ọ̀mù sí i ná

Ẹ tú gbogbo páálí, kí ẹ sì da òkúta inú wọn pọ̀ kí àwọ̀ kan má baà kó jọ sí ojú kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó nípọn, èyí tó wà láàárín àti èyí tó fẹ́lẹ́.

Ẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn láàárín yàrá. Láti mọ̀ bóyá igun wọn gún, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 60 lórí ọ̀kan àti 80 lórí èkejì láti ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí àárín àmì méjèèjì bá jẹ́ 100 géérégé, igun náà tọ́.

Ẹ wá to òkúta sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí tó dáa jù wà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tí ẹ máa gé wà níbi tí ojú kò ti tètè tó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ rántí àlàfo tó máa wà láàárín wọn. Níwọ̀n bí etí síléètì kò ti dọ́gba, mílímítà 5 tàbí 6 dára.

Eruku òkúta léwu

Eruku tó ń jáde bí wọ́n bá ń gé síléètì ní sílíkà nínú. Bí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè fa àrùn tí kò ṣeé wò sàn. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé WHO ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1997. Aṣọ ìnujú tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

Ẹ̀rọ ìgé tó ní agbada omi tirẹ̀ ló dára jù, nítorí pé omi ń pa eruku náà, ẹ sì lè háyà rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ má da omi sórí ẹ̀rọ onína tí wọn kò ṣe fún omi. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ìta gbangba ni kí ẹ ti gé e, kí atẹ́gùn máa gbé eruku kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ lo ìbòmú N95 àti dígí ojú, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Báwo ni ẹ ṣe máa lẹ̀ ẹ́?

Gọ́ọ̀mù táìlì tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀ pé ó wà fún òkúta àti ibi tí omi máa ń wà ni kí ẹ rà. Ẹ fi fóòmù tútù nu ẹ̀yìn òkúta kí eruku kúrò, nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ eruku.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da gọ́ọ̀mù lé e. Ẹ pò ó títí yóò fi ki, tí kò ní máa ṣàn bí ẹ bá fi irin bù ú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ tún un pò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, ìwọ̀n tí ẹ lè lò tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ẹ fi irin eléyín tẹ́ gọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, kí gbogbo ìlà rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn òkúta. Òkúta tó nípọn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀, kí ó lè jẹ́ òdiwọ̀n fún àwọn yòókù. Gọ́ọ̀mù ni ẹ máa fi gbé àwọn tó fẹ́lẹ́ sókè díẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba. Ẹ tì í síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi hámà onírọ́bà gbá a jẹ́jẹ́.

Bí ẹ bá ti lẹ ti àkọ́kọ́, ẹ tún un yọ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kan ìdá 95 nínú 100 rẹ̀. Ibi tí kò bá kàn ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni òkúta sì máa ń là. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí èèyàn kàn fi ìṣù sìmẹ́ǹtì mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta, bí àwọn oníṣẹ́ kan ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń kánjú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ògiri tó jìnnà, kí ẹ máa bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ nu gọ́ọ̀mù tó bá kan ojú òkúta kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ fún wákàtí 24.

Ẹ fi sílà pa á kí gíráòtì tó dé

Ibí yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń ṣì í ṣe jù. Ojú síléètì rí págunpàgun. Bí ẹ bá da gíráòtì sí i báyẹn, yóò wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì gbẹ síbẹ̀ bí ẹfun. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́ nígbà náà, tí wọ́n sì fi ń ba òkúta jẹ́ pátápátá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òkúta àti gọ́ọ̀mù gbẹ, kí ẹ fi sílà pa ojú òkúta. Sílà ni èròjà tí kì í jẹ́ kí òkúta fa omi àti àbàwọ́n. Irú èyí tó ń wọ inú òkúta lọ ni kí ẹ rà. Èyí tó ń dúró lójú tó sì ń dán lè mú kí ilẹ̀ máa yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára òkúta tó ṣẹ́ kù, nítorí pé òmíràn ń mú kí àwọ̀ dúdú sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì tan àbẹ́là tàbí sìgá nítòsí rẹ̀.

Bí sílà bá ti gbẹ ni kí ẹ tó fi gíráòtì dí àlàfo. Ibi kékeré ni kí ẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa fi fóòmù tí ẹ ti fún dáadáa nu ojú òkúta kó tó le. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, sílíkóònù ni kí ẹ fi sí i, nítorí pé gíráòtì máa ń là níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 3, ẹ tún fi sílà pa gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ẹ ń gbé náà ní ipa tirẹ̀

Ní Kano, Sokoto tàbí Maiduguri, ooru àti ọyẹ́ máa ń mú kí ojú gọ́ọ̀mù gbẹ kí òkúta tó débẹ̀. Ẹ máa fi ìka kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ há a dànù kí ẹ tẹ́ òmíràn. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù fún iṣẹ́ níbẹ̀.

Ní Calabar tàbí Port Harcourt lásìkò òjò, òdìkejì ni. Nǹkan kì í tètè gbẹ, bí ẹ bá sì fi sílà pa òkúta tó ṣì lómi nínú, ojú rẹ̀ lè di funfun bí ìkùukùu. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan kún un. Níbi tí omi kànga ẹ̀rọ bá ti ní irin nínú, omi mímọ́ tí kò ní àwọ̀ ni kí ẹ fi po gọ́ọ̀mù àti gíráòtì.

Ìtọ́jú rẹ̀ ńkọ́?

Ọṣẹ tó rọ̀ àti omi ti tó. Ẹ má fi ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ọtí kíkan kàn án. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ kán omi sí i. Bí omi náà bá dúró lórí rẹ̀, kò séwu. Bí ojú òkúta bá dúdú lábẹ́ omi náà, àsìkò ti tó láti fi sílà míì pa á.

Ṣé kí ẹ pe oníṣẹ́ ni?

Bí balùwẹ̀ náà bá wà lókè ilé tí àwọn mìíràn ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ yí ojú ihò omi padà, ó sàn kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó ló máa ń wá àwọn tó ń lẹ táìlì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo. Ibi yòówù kí oníṣẹ́ ti wá, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí lẹ máa fi dènà omi lábẹ́? Ṣé ẹ máa rọ omi sí i fún wákàtí 24 kí n rí i? Ṣé ẹ lè yọ òkúta kan kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ṣé sílà ló máa ṣáájú ni àbí gíráòtì? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, lílẹ òkúta gan-an lè má ju ọjọ́ méjì lọ. Dídúró kó gbẹ ló ń gba àkókò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ yín lè dàgbà kí òkúta náà ṣì wà níbẹ̀.